Ọ̀sán Tí Mo Pa Kọ̀ǹpútà Dé Láti Kí Olùkọ́ Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jí mi lónìí, tí ó sì fi mí sọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n fi sùúrù kọ́ mi ní ìwé. Ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá, nítorí ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ìbá ti burú jù báyìí lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ṣábẹ ni mo ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀rọ náà ló ń pa ìwé gbogbo ọmọ mọ́. N kì í sábà fọwọ́ kàn án. Láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni mo ti ń pàṣẹ fún un, nínú fèrèsé dúdú tí kò ní àwòrán kankan. Mo kọ ọ̀rọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ náà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣejáde yóò parí. Ọmọ tí orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ìjọba nígbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a kò ti rí kọnẹ́síọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ ńlá pé kí ó máa fi orúkọ àti fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe to orúkọ wọn. Mo jókòó tì í, mò ń wo orúkọ bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ni bàbá kan bá kan ilẹ̀kùn. Katikísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ìjọ wa, tó kọ́ mi ní á-bí-dí ni, tí ó ti fẹ̀yìn tì sí Bẹsé. Ọ̀kadà tí à ń pè ní sẹ́mìjan ló gbé e wá, eruku ọ̀nà ti bo ṣòkòtò rẹ̀. Èmi kò lè jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró kí ojú mi máa wà lára ẹ̀rọ. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn."

"Dìde, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ọkọ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń sùn bí wọ́n bá ń wàásù?"

"Háà, Bàbá! Mo ti jáwọ́."

"Irọ́ ni. Ojú rẹ ti fi hàn."

A rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi, ó gbàdúrà fún ilé mi, àdúrà rẹ̀ kì í sì í kúrú. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́, ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lọ́dún tó kọjá. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ ti lọ."

"Ó ń lọ lọ́wọ́, Bàbá." Mo ṣí kọ̀ǹpútà.

Orúkọ kankan kò kọjá mọ́. Fèrèsé dúdú sọ fún mi pé okùn tó so mí mọ́ ẹ̀rọ ńlá ti já. Mo wọlé padà, mo béèrè iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Tèmi kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe pa kọ̀ǹpútà dé, ó sùn, okùn já, iṣẹ́ tí mo so mọ́ fèrèsé yẹn sì kú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí a máa ń kọ síwájú àṣẹ, kí iṣẹ́ lè máa lọ lẹ́yìn bí a tilẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. N kò kọ ọ́, torí mo rò pé n kò ní í kúrò.

Mo kọ ọ́ wàyí. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló kù, orúkọ ọmọ Bàbá sì wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí ìgbín. Bó ṣe ń lọ yẹn, kò ní í dé ìdajì kí aago márùn-ún tó lù.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bàbá béèrè.

Mo sọ fún un. Ó ní, "Èmi ni mo pa á, àbí?"

"Rárá o, Bàbá. Èmi ni." Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lè gbé orúkọ ọmọ wa síwájú."

Ó ṣí fìlà. Mo rí i pé ó wù ú.

"Ọmọ ta ni yóò wá bọ́ sẹ́yìn?"

"N kò mọ̀."

"Èmi náà kò mọ̀. Fi í síbi tó wà." Ohùn kíláàsì ló fi sọ èyí tó kù: "Má wo ojú mi mọ́. Wo iṣẹ́ rẹ."

Mo ní kí ẹ̀rọ ńlá to gbogbo iṣẹ́ tó ń dá ṣe lábẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo kà á láti òkè. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ tí mo sì gbàgbé. Òun ló ń fi ẹ̀dà ìwé wa ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ nígbàkígbà tí kọnẹ́síọ̀n bá wà. Ẹrù ọjọ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti gba gbogbo ọ̀nà. Mo pàṣẹ pé kí ó dúró. Mo béèrè ipò rẹ̀: ó ṣì ń gbìyànjú láti dúró. Mo tún béèrè. Ó ti dúró.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

Dirẹ́tọ̀ yọjú. "Madamu, ó ku mélòó?"

"Méjìlélógún, ọ̀gá."

"Aago mẹ́rin ti kọjá o!" Kò jókòó, kò sì lọ. Iná mànàmáná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì gbé ẹ̀rọ ńlá dúró. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rósárì Bàbá.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ pé, "Bàbá, orúkọ ọmọ wa ti wọlé."

Kò dìde. "Ó ku mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Jẹ́ kí wọ́n wọlé ná."

Ẹni ìkẹyìn wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago márùn-ún lù. Ìgbà náà ni Bàbá fi fìlà nu ojú. Mo sọ fún dirẹ́tọ̀ níbẹ̀ pé ẹ̀bi mi ni ìdádúró náà, mo sì ní kí iṣẹ́ ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, Ọlọ́run kò ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín. Níbi tí ẹ kò sí, kí Ó fi ẹni tí yóò rántí ọmọ ẹlòmíràn síbẹ̀ nítorí yín. Àmín.