Idà Tó Ń Dípẹtà Lójú Kan Náà

Ó ti tó ọdún méjìdínláàádọ́ta tí Kuramochi Eiji ti ń pọ́n idà nílùú Seki, síbẹ̀ ekukáká ni ẹ ó fi rí ẹni tó mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún. Kì í ṣe odi, kì í sì í ṣe agbéraga. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí idà bá ti jáde nínú àkọ̀, ẹnu gbọ́dọ̀ padé, nítorí pé itọ́ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, àní ooru ẹnu lásán, bó bá ti bà lé irin tí wọ́n pọ́n dán, irin náà á dípẹtà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Àwọn apọ́ndà mìíràn máa ń fi ètè di bébà mú kí wọ́n má bàa gbàgbé. Kuramochi ò nílò bébà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ló ti gbàgbé.

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń wà lórí àpótí kékeré rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí igi tó fi ń di òkúta mú, korobá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fa irin lọ, á máa fà á bọ̀. Wakae ìyàwó rẹ̀ bá a gbé ilé yẹn fún ọdún méjìdínlógójì. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Kuramochi fi oṣù kan gbáko pọ́n ọ̀bẹ kékeré tí ìyàwó máa ń fi sínú ọ̀já lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn sì sọ pé àwọn ò rí irin tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ojoojúmọ́ ni Wakae máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, á sì bi ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé kí n gbé tíì wá?" Kuramochi á mi orí. Kò ní yíjú, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn mi orí ni.

Wakae ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ náà lé e láyà nínú àpò aláràbarà rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe fún òkú, kí ohun burúkú má bàa sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Kuramochi dá a padà sínú dúrọ́ọ̀ obìnrin náà, ó sì ti í.

Kí n má parọ́, ọkùnrin yìí dá wà. Ó dá wà débi pé ó máa ń pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá onítófù, tó ń ta wàrà ẹ̀wà, kí ìyẹn lè rí i bú. "Ẹ tún ti dé, bàbá òkúta! Ẹ gba tófù yín kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ń dínà mọ́ oníbàárà mi." Á tẹríba, á máa lọ, èébú yẹn á sì tó o gbé ọjọ́ náà.

Orúkọ mìíràn táwọn ará ìlú ń pè é ni ọlọ́pàá idà. Ẹni tó bá jogún idà tó ń bà á lẹ́rù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e wá, kó lè sọ bóyá ègún wà lára rẹ̀. Wọ́n gbà pé irin máa ń ka ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Ó ti yanjú ọ̀rọ̀ idà kan tó ń ké nínú kọ́bọ́ọ̀dù: ṣóńṣó igi tó so èèkù mọ́ irin ló ti dẹ̀, tó ń mì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá. Ó fi igi tuntun sí i, igbe dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ̀ sì tún gbilẹ̀ sí i. Kò jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lanu.

Ṣùgbọ́n ti ilé Nagasawa yàtọ̀. Lóṣù kẹta ọdún tí mò ń wí yìí, lọ́sẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wálé wẹ ibojì, Nagasawa Yoshiki wọlé tòun ti idà bàbá rẹ̀ nínú àpò. Nagoya ni Yoshiki ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lọ́dún. Ìgbà kẹta rèé tó ń gbé idà yẹn wá, ìgbà ìrúwé mẹ́ta léraléra.

"Ọ̀gá, ó tún ti ṣe é o."

Kuramochi fa idà yọ. Lóòótọ́, àbàwọ́n pupa kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ wà lára irin náà, ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì jìnnà sí èèkù, níbi tó ti nù ún kúrò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, àbí?" ni Yoshiki wí.

Kuramochi na ọwọ́ sí i gìrì pé kó panu mọ́. Yoshiki fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí idà padà sínú àkọ̀ ló tó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ ni ín, ogun gbé wọn lọ. Ó kan bàbá mi, wọ́n já látorí igi. Ẹ̀gbọ́n mi Kazuma mú un dání láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn alùpùpù gbé e wọ odò. Ta ló kù? Ṣebí èmi ni! Ọmọ méjì ni mo bí o. Mo ti bá tẹ́ńpìlì orí òkè sọ ọ́. Tó bá di Sọ́ńdè, wọ́n á bá mi rì í mọ́lẹ̀."

"Màmá ńkọ́?" ni Kuramochi béèrè.

"Ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n láwọn ò gbà, wọn ò sì sọ ìdí ẹ̀. Wọ́n ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, Ọ̀gá, wọ́n sì dá nìkan wà nínú ilé ńlá yẹn. Bí wọ́n bá ń ṣe báyìí lọ, màá wá ilé àwọn arúgbó fún wọn nítòsí mi."

"Ẹ fún mi di Sátidé," ni Kuramochi wí.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi sójú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rinrin ilé ni, ibi gbogbo ni ì bá dé. Bó bá jẹ́ pé ìka ọwọ́ ni, ìlà ìka ì bá hàn. Èyí jẹ́ tótòtó wínníwínní, ó ki ní àárín, ó fọ́nká létí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà. Ó mọ̀ ọ́n kíá. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gbá a létí nítorí irú rẹ̀: ó ti béèrè ọ̀rọ̀ kan lórí idà tí wọn kò tíì dá padà sínú àkọ̀.

Ẹnìkan ń bá idà yìí sọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu, torí àbàwọ́n tó pọ́n tó báyìí á gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ púpọ̀. Kuramochi kúnlẹ̀, ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìdí èèkù lé itan, ó na irin sókè bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àyà rẹ̀ ni àbàwọ́n náà bá dọ́gba. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá lè débẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú gan-an, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Àmọ́ ó pọ́n idà náà, torí iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Nígbà tó dé ilé Nagasawa láàárọ̀ Sátidé, Yoshiki ti gbé korobá àti búrọ́ọ̀ṣì lọ sí ibojì. Tomie ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, orí rẹ̀ kò ju àyà Kuramochi lọ.

"Ọlọ́pàá dé! Ṣé ẹ ti mú apààyàn náà?"

Kuramochi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé idà náà fún un. Ìyá náà gbà á, ó fà á yọ, kò sì gbọ̀n rárá, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìdí èèkù lé itan. Ètè rẹ̀ wà níwájú ibi tí àbàwọ́n ti kúrò gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Irin wà níta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni, omi sì lé ròrò sójú ìyá náà kó tó dá idà padà sínú àkọ̀.

"Ẹ ti mọ̀," ló wí.

"Mo ti mọ̀, Màmá."

"Ẹ̀yin náà ẹ ò ríṣẹ́ ṣe! Ta ní kẹ́ ẹ tọpinpin mi débí?"

"Kí lẹ máa ń bá a sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé òtútù mú. Pé ológbò ilé kejì tún ti bímọ. Pé mo tún ti se ìrẹsì pọ̀ jù, torí ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé pé èèyàn mẹ́rin la jẹ́." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Fọ́tò Kazuma ló wà níbẹ̀ yẹn. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi, ojú kan náà ló ń fi wò mí. Ṣùgbọ́n idà tó mú dání láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ lónìí, tó bá dijọ́ mélòó kan, á ti pọ́n díẹ̀. Ó gbọ́. Àbí ẹ ò rí i pé ó gbọ́? Ẹ̀yin lẹ wá ń nu ọ̀rọ̀ mi nù lọ́dọọdún."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kuramochi lákínyẹmí ara. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìta dún. Tomie di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ dákun, ẹ má sọ fún un. Á ní orí mi ti dàrú. Á gbé mi lọ síbi tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, á sì ri idà mọ́lẹ̀."

Yoshiki wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. "Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

Kuramochi kò tíì parọ́ mọ́ irin rí láyé rẹ̀. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ, bóyá òun ló gùn jù láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀.

"Ègún wà lára ẹ̀."

Yoshiki fà sẹ́yìn. "Mo wí bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ fara balẹ̀. Ilé tó dákẹ́ ni idà yìí kò fẹ́. Bí ilé bá ti dákẹ́, á pọ́n. Bẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, ibi tó dákẹ́ jù lẹ gbé e lọ yẹn, ègún ẹ̀ á sì wá yín dé Nagoya. Ìyá yín ló mọ̀ ọ́n tọ́jú, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin, ẹ máa wá lóṣooṣù. Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Kí wọ́n pariwo, kí wọ́n jà, kí wọ́n da ọbẹ̀ sílẹ̀."

"Lóṣooṣù?"

"Ẹ má pa ẹyọ kan jẹ, mo bẹ̀ yín. Mo ti rí ohun tí mo rí."

Yoshiki wo idà náà tẹ̀rùtẹ̀rù, ó sì tẹríba. "Kò burú, sà. Lóṣooṣù." Tomie sáré wọ ilé ìdáná, bí ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ ń jóná.

Inú Kuramochi dùn dé ìdajì ọ̀nà. Ó ń gba etí odò Nagara bọ̀ wálé, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti dòpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn padà wá bá a: ó gbọ́, àbí ẹ ò rí i pé ó gbọ́? Ó rántí Wakae lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún méjìdínlógójì. Tíì nìkan kọ́ ni obìnrin náà ní lọ́kàn. Ta ló ń bá sọ ìyókù? Ó rántí pé ìyá Yoshiki àti Wakae jọ ń ṣọ̀rẹ́ nígbà ayé Wakae, ó sì ti rí àwọn obìnrin méjèèjì tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lọ́nà ọjà. Òun fúnra rẹ̀ kò béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn.

Kò bọ́ kóòtù. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ọ̀bẹ ìyàwó nínú àpò aláràbarà, ó sì fà á. Kò yọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gan pa sínú àkọ̀. Ìgbà tó fi orúnkún tì í ló tó já jáde.

Ìpẹtà ni láti orí dé ìdí. Kò sí ibi tí àtàǹpàkò lè gbà lé láìkan pupa. Irin tó fi oṣù kan pọ́n, tí gbogbo ènìyàn ń yìn, kò ku ibì kankan tó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, tótòtó, ọ̀kan lórí ọ̀kan, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, ọdún lórí ọdún, ogiri kan péré ló sì wà láàárín dúrọ́ọ̀ yìí àti ibi tí òun jókòó sí tó ń fa irin ẹlòmíràn.

Òkúta rẹ̀ gbogbo wà ní yàrá kejì, omi wà nínú korobá. Kò lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú dúrọ́ọ̀, ó gbé ọ̀bẹ náà sún mọ́ ẹnu títí ó fi ń rí èémí ara rẹ̀ lára irin. Ẹ̀rù bà á, torí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé èèwọ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Wakae," ló wí. "Gbé tíì náà wá."