Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ràfíù

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950, kí òmìnira tó dé, mò ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ òyìnbó kan ní Marina. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá burúkú ṣiṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀gá akọ̀wé wa, ará Olówógbowó, ní kí Ràfíù, ọ̀kan lára àwọn alágbàárù wa, lọ pọnmi sílé òun láàárín iṣẹ́. Ràfíù ní wọn ò gba òun fún ìyẹn. Ọkùnrin náà gbá a létí lójú gbogbo wa. Nígbà tó tún nawọ́, Ràfíù di ọwọ́ náà mú. Wọ́n ní ó lu ọ̀gá, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

A daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la béèrè: ẹ dá Ràfíù padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹrù ti kún etí omi, òyìnbó sì pè wá sí ìpàdé ọjọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá akọ̀wé wọ agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó jókòó ti bàbá mi.

"Àlàájì, ọmọ yín ò kà mí sí mọ́ o."

Bàbá mi ò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Dọ̀bálẹ̀, kó o bẹ bàbá ẹ."

"Bàbá, àwọn ni wọ́n—"

"Mo ní kó o dọ̀bálẹ̀!"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn, ì báà jẹ̀bi, ì báà máà jẹ̀bi. Ọ̀dàlẹ̀ yẹn fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó súre fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde níwájú òyìnbó. "Sà, alága wọn ti bẹ̀ mí lánàá, níṣojú bàbá ẹ̀. Ó ní àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Òyìnbó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ọmọ sí àgbà kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Òyìnbó ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ní alága ti gbà pé a jẹ̀bi. Bí a ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, wọn ò gbá òṣìṣẹ́ kankan létí mọ́ níbẹ̀. Ìyẹn la rí gbà. Ràfíù ò padà wọlé.

Ẹ dọ̀bálẹ̀ nílé bó bá wù yín. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́, lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá wá bá bàbá yín, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó gbá Ràfíù létí. Ràfíù fúnra rẹ̀, n ò bẹ̀ ẹ́ rí títí ó fi kú. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, mo sì ń retí pé kó kọ́kọ́ wá kí mi.