Obìnrin Tó Dúró Níwájú Páìpù

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìyá Mi-ò-gbà ni wọ́n ń pè é, látorí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì títí dé orí ọ̀gá àgbà, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá dín àkókò oúnjẹ ọ̀sán kù, kò gbà. Tí wọ́n bá ra ìbọ̀wọ́ tí kò nípọn, tó ń ya bí ìwé, kò gbà, á kó gbogbo ẹ̀ lọ dà sórí tábìlì ẹni tó rà á. Àwọn kan ní agídí ni. Agídí kọ́ o jàre! Obìnrin náà kàn kórìíra kéèyàn máa gbé e gun ẹṣin aáyán ni.

Ìdí àwọn àgbá irin ńláńlá ni iṣẹ́ ẹ̀ wà, níbi tí ooru ti ń bo èèyàn lójú látàárọ̀, tí ilẹ̀ ti ní oríṣiríṣi àwọ̀ tí ọṣẹ kankan ò lè bó mọ́. Láyé ìgbà kan, tí wọ́n bá ti pa aṣọ láró tán, ṣe ni wọ́n máa ń ṣí páìpù ẹ̀yìn, tí gbogbo omi ìdọ̀tí á rọ́ wọnú odò kékeré tó ṣàn kọjá lẹ́yìn ọgbà. Lónìí odò á pupa, lọ́la á di búlúù. Àwọn èèyàn sì ń gbé nísàlẹ̀ odò yẹn! Odò yẹn ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an sì pọ̀ lára wọn.

Ìgbà tó yá ni ẹnjiníà tuntun dé, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò omi mẹ́ta sẹ́yìn ilé. Omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ wọ àkọ́kọ́, á sinmi níbẹ̀, ìdọ̀tí á silẹ̀, á ṣàn sí ìkejì, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkẹta, wọ́n á wá fa omi ìkẹta padà láti fi fọ àgbá. Ó tún ṣòfin míì. Aṣọ tí àwọ̀ ẹ̀ bá fẹ́ẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àgbá: yẹ́lò, kó tó kan pupa, kó tó kan búlúù, kí dúdú wá kẹ́yìn gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní máa fọ àgbá léraléra. Ẹni tó bá fi dúdú ṣáájú yẹ́lò á fi omi ṣòfò títí ọwọ́ ẹ̀ á fi bó.

Ta ló kọ́kọ́ yarí? Ta náà ni ì bá tún jẹ́! "Èmi? Kí n máa fi omi ìdọ̀tí fọ àgbá? Mi ò gbà!" Ó pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há. Ẹnjiníà ò bá a jà. Ó mú un lọ sídìí kòtò kẹta, ó ki aṣọ funfun bọ inú omi náà, ó yọ ọ́ jáde, aṣọ ò ní àbààwọ́n kankan. Obìnrin yìí wá àléébù sí i lọ́jọ́ náà, ó tún wá a lọ́jọ́ kejì, kò rí. Láti ìgbà náà, wàhálà ni fún ẹni tó bá gbé dúdú ṣáájú yẹ́lò lójú ẹ̀. Ẹnjiníà wá ti páìpù ẹ̀yìn pa, ó fi àgádágodo kọ́ ọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé Ìyá Mi-ò-gbà lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ pariwo jù, mà. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Kódà témi fúnra mi bá ní kẹ́ ẹ ṣí i, ẹ má ṣí i."

Ilé iṣẹ́ wá kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sára ògiri ìta pé àwọn ò da ìdọ̀tí sódò mọ́. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀, ọ̀gá àgbà á dúró láàárín wọn, á fẹyín.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òjò ti rọ̀ léraléra, kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún dẹ́nu. Oníbàárà ńlá kan wá ní òun fẹ́ aṣọ dúdú lọ́jọ́ náà gan-an, bẹ́ẹ̀ aṣọ yẹ́lò ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ni ọ̀gá àgbà bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa dúdú, kí wọ́n fọ àgbá, kí wọ́n pa yẹ́lò tẹ̀ lé e. Níbo ni gbogbo omi yẹn fẹ́ gbà? Ó ní kí wọ́n ṣí páìpù ẹ̀yìn.

Ẹni tí wọ́n rán sí obìnrin náà ni alábòójútó gbọ̀ngàn àgbá. Àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló dàgbà sí. Òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló rán an nílé ìwé, òun ló mú un wọ ilé iṣẹ́ yìí kó tó di ọ̀gá lé e lórí.

"Àǹtí," ó ní, kò lè wo ojú ẹ̀, "wọ́n ní kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kí n mú u wá fún kí ni?"

"Ẹ sáà mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Bàbá ò sì lè dìde láti wá iṣẹ́ mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ọkọ obìnrin náà ti ń ṣàìsàn tipẹ́, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé oúnjẹ wọlé. Àyà ẹ̀ já. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, àyà ẹ̀ já gidi. Àmọ́ ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i, ó tì í bọ inú kọ́mú ẹ̀, ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó fẹ̀yìn ti páìpù.

"Ẹni tó bá láyà, kó wá mú un!"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó jáde wá, ẹnjiníà ń tẹ̀ lé e, ojú obìnrin yìí sì mọ́lẹ̀ nígbà tó rí ọmọbìnrin náà. Ó rò pé olùgbèjà dé.

"Mà," ẹnjiníà wí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Lónìí nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti ọ̀gá àgbà lọ. "Ìwọ! Ìwọ tó o ní kí n má gbà fún ẹ! Ṣé odò ti gbọ́ pé lónìí nìkan ni?" Ẹnjiníà dorí kodò.

Ọ̀gá àgbà ní kí alábòójútó lọ mú ayùn irin wá. Ó mú un wá.

"Àǹtí, ẹ yẹra."

"Mi ò yẹra. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá gbà rẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló gbà rẹ́ ẹ lóòótọ́. Àgádágodo já bọ́. Ó yí ọwọ́ páìpù, omi àgbá àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fi pa aṣọ dúdú láàárọ̀ náà sì rọ́ jáde, ó dú bí ìdí ìkòkò, ó ń hó, ó wọ odò.

Ọ̀gá àgbà ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Ó lọ. Àmọ́ ọ̀nà ilé kọ́ ló gbà, etí odò ló gbà. Ó wé gèlè mọ́dìí, ó ń sáré kó lè ṣáájú omi dúdú yẹn, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pariwo: "Ẹ má pọn omi o! Ẹ kó ọmọ yín kúrò lódò! Wọ́n ti ṣí páìpù!"

Ilé ìyàwó àbúrò ẹ̀ ló kángun sí odò jù, omi sì ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀. Ìyàwó náà jókòó síwájú ilé, ó ti bọ́ aṣọ lára ọmọ jòjòló, báákẹ́tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Omi inú ẹ̀ dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe irú èyí?"

Ó lè parọ́. Ó lè ní ọ̀gá àgbà ni, kò sì ní jìnnà sí òótọ́. "Ọkọ ẹ ló ṣí i, ìyàwó. Ojú mi ló ṣe ṣí i. Èmi náà ni mo tọ́ ọ."

Ìyàwó dìde. Ó pọn ọmọ, ó gbé báákẹ́tì rù, ó dojú kọ ilé iṣẹ́. Àwọn aládùúgbò rí i, àwọn náà pọn omi dúdú tiwọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní òun ò lè ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí ìyàwó tiẹ̀ láàárín wọn, ó ṣí i.

Ìdí páìpù ni ìyàwó gbà lọ tààrà, ó sọ báákẹ́tì kalẹ̀ síwájú ọkọ ẹ̀, ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Omi rèé. Wẹ ọmọ ẹ."

Ọkùnrin náà wo omi, ó wo ọmọ. Omijé bọ́ lójú ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó dá ọmọ padà fún ìyá ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ páìpù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti bá wọn padà wá dúró lé e lórí.

"Yí i dópin."

"Ó ti dópin, Àǹtí."

"Yí i sí i."

Ẹnjiníà náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àgbà, ó lọ dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó ní yẹ́lò ló máa kọ́kọ́ wọ àwọn àgbá tí dúdú ò tíì kàn, kí oníbàárà dúdú ní sùúrù fún ìyókù aṣọ ẹ̀ títí kòtò á fi láyè. Ọ̀gá àgbà pariwo pé: "Ta tiẹ̀ ni ọ̀gá níbí yìí?"

Ìyá Mi-ò-gbà fi ẹsẹ̀ ti báákẹ́tì sún mọ́ ọn. "Ẹni tó bá lè mu omi yìí ni."

Ọ̀gá àgbà wo omi náà. Kò mu ún; ó yíjú padà wọlé, Ìyá Mi-ò-gbà sì ní kí wọ́n gbé yẹ́lò wọ àgbá.