Sólà Láàárín Kòkó

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Ìbùkún ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọjọ́ tó sá sólà pọ̀ mọ́ kòkó ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Pátákó sólà mẹ́rin ló tẹ́ sílẹ̀ láàárín kòkó níwájú ulé rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó fẹsẹ̀ ro kòkó, ó sì dojú sólà bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹja dídì, sáré jáde.

"Bàbá Ìbùkún! Fìríìsà ti dákẹ́. Kí lẹ fi sólà ṣe?"

"Láti àárọ̀ ni ojú kan ṣoṣo ti ń yá oòrùn. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ bu ni?"

Odidi páálí ẹja kan ló yọ́ lọ́jọ́ náà. Yẹ́misí fi omijé dín in, ó pín in fún àdúgbò. Bàbá Ìbùkún jẹ mẹ́ta, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìwọ náà rí i? Sólà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìlú."

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe eré fún Yẹ́misí. Kí sólà tó dé rárá, láti ìgbà tí ìjì ti wó òpó iná ni ẹja ti ń rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí páálí mìíràn bá tún bàjẹ́, òun ò ta ẹja mọ́ láyé òun. Ó ní kó bá òun ra jẹnẹrétọ̀ bíi ti gbogbo ayé.

Ọkùnrin náà kò kọ̀. Àmọ́ kì í mú àlejò wọ ulé láìwádìí. Ó lọ bá Àdìsá ará Ọ̀yọ́, tó ń ta jẹnẹrétọ̀ àlòkù.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́?"

"Bàbá, mo ní kí ẹ rà á ni, n kò ní kí ẹ fi ṣaya!"

Ó wọ ọ̀kadà dé Ìdó-Ilé, ó bi àwọn ará ilé tí jẹnẹrétọ̀ náà ti jáde wá léèrè ìwà rẹ̀. Ó padà dé, ojú rẹ̀ le koko.

"Yẹ́misí, ó ń mu, ó ń fa èéfín, ó sì ń pariwo mọ́ ará ilé. Ṣé o lè fi Ìbùkún ọmọ wa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Ti sólà kò gba wàhálà. Máyọ̀wá, tó ń so ó, ní oòrùn ló ń bọ́ ọ. Bàbá Ìbùkún ní, "Ìdílé oòrùn? A mọ̀ wọ́n. Wọn kò pa ọjọ́ jẹ rí." Ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí wọ́n kàn án mọ́ òrùlé. "Bí òjò bá ṣú, ta ni yóò gùn ún lọ kó o?" Àfi ọjọ́ Ìsinmi kan tí ààrá sán láàárín ìwàásù, tó fò dìde: "Ẹ dákun, sólà mi wà níta!" Ìdajì ìjọ ló tú tẹ̀lé e. Àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí kòkó wọn ni.

Lẹ́yìn tí Bàbá Ìbùkún kú, tí wọ́n sì sin ín, Máyọ̀wá wá kan sólà mọ́ òrùlé. Mẹ́ta ló gòkè. Ìkẹrin ti là. Bàbá Ìbùkún ló tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń ro kòkó.

"Màmá, èyí ò wúlò mọ́. Kí n gbé e jù nù?"

"Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ní báyìí, fìríìsà kì í dákẹ́. Ẹja Yẹ́misí le bí òkúta, àwọn ará Ìlọrọ̀ pàápàá ń wá rà á. Bó bá sì sá kòkó láàárọ̀, á tẹ́ pátákó tó là náà sáàárín rẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, á fẹsẹ̀ ro kòkó. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wò ó. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀, á rọra dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bu.