Òjò Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Èmi ni mo sáré jáde ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ta lórí páànù, tí mo ń pariwo kiri àdúgbò wa lẹ́yìn Bẹẹrẹ pé kí gbogbo ènìyàn kó aṣọ wọn, ìjì ńlá ń bọ̀. Mi ò mutí. Àwòrán ni mo rí.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ó sì máa ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nítorí iná. Wọ́n fẹ́ gbé sátẹ́láìtì tuntun lọ sókè, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe máa ka àwòrán rẹ̀. Bó ṣe lọ kírun ni mo yọjú wo kọ̀ǹpútà. Mo rí àwọsánmà pupa tó bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀. Ta ló sọ fún mi pé sátẹ́láìtì náà ṣì wà nílẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ya àwòrán yẹn fún ìdánrawò? Púráímárì síìsì ni mo kà dé. Mo sáré síta.

Alágbàfọ̀ òdìkejì, àlàájì kan tó sanra, gbọ́ ariwo mi. Ó ká agbádá funfun oníbàárà rẹ̀, ó dì wọ́n ní tútù sínú báàfù. Òjò ò rọ̀. Agbádá rùn, oníbàárà bínú lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Bàbá Olójò, tó sì ń ròyìn mi fún àwọn oníbàárà mi dé Òjé. Á ké láti òdìkejì pé, "Bàbá Olójò, ṣé kí n sá ṣòkòtò mi, àbí kí n kúkú wọ̀ ọ́ ní tútù?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo gbé e sínú. Bí mo bá ń lọ aṣọ, ojú rẹ̀ ni mò ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́: kó ka àwòrán ti ọjọ́ náà gan-an, láti ara sátẹ́láìtì àtijọ́ tó ti wà lókè, kó kìlọ̀ fún ẹnì kan, kó sì kọ èsì rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Ó wò ó pẹ́.

"Bọ̀dá, òjò máa dé kí Àsárì tó pé. Òótọ́ ni tòní. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó sá aṣọ."

Mo wo òdìkejì. Okùn àlàájì funfun báláú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Àmọ́ mo rò ó wò: bí mo bá sọ fún un, kò ní gbà. Òjò á wá nà án, kò sì ní rí ẹlòmíì bú.

Mo sọdá. Mo dúró jìnnà díẹ̀ sí i, nítorí ọwọ́ kan ni àlàájì lè fi rì mí sínú sítáàṣì.

"Àlàájì, ẹ kó aṣọ yín. Òjò ń bọ̀."

Ó pe ìyàwó rẹ̀ síta. "Bàbá Olójò, ẹ tún un sọ, ìyàwó mi ò gbọ́."

"Òjò ń bọ̀."

"Ẹ bá mi kí i."

Mo padà, mo gbé àpótí síta, mo jókòó.

Òjò gba ẹ̀yìn Mápó wá, kò kánjú. Atẹ́gùn já okùn àkọ́kọ́, agbádá wọ gọ́tà. Àlàájì ń sáré sókè sódò, bùbá lọ́rùn, ṣòkòtò lábíyá. Mi ò gbádùn òjò bẹ́ẹ̀ rí.

Mo nahùn pè é: "Àlàájì, òjò ní òun náà kí yín."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń kọ.

"Bọ̀dá, mo ti kọ ọ́ pé ẹ kìlọ̀ fún àlàájì. Wọ́n ní bí ẹni tí a kìlọ̀ fún ò bá gbà wá gbọ́, ká kọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin ni mo kọ síbẹ̀."