Bírò Pupa Lẹ́yìn Etí Òsì

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ọdún kan péré ló fi jù mí, kíláàsì kan náà la wà. Tíṣà ìṣirò wa kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó: "There is a number greater than every number." Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́.

"Sà, kò sí nọ́ńbà tó ju gbogbo nọ́ńbà lọ o. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ fi ọ̀kan kún un, ó ti tóbi ju tiyín lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó jù ú lọ."

Tíṣà gbá a létí! Ẹ̀jẹ̀ ṣàn láti etí òsì dé kọ́là. Ó tún fi pàṣán bò ó nílẹ̀. "Ọmọ tí ò tíì lè nu ikun imú ẹ̀!" Láti ọjọ́ náà, etí yẹn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi ńkọ́? Mo wolẹ̀ ni tèmi.

Nígbà tá a dàgbà, ilé ìtẹ̀wé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń gé bébà, òun ń tún Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìṣirò ṣe. Ẹ̀yìn etí òsì ló máa ń há bírò pupa sí. Á ní, "Níwọ̀n ìgbà tí ò ti ṣiṣẹ́ mọ́, kó máa bá mi gbé bírò," á sì bú sẹ́rìn-ín. Òfin wa ni pé ẹni tó kọ ìwé gbọ́dọ̀ buwọ́ lu gbogbo àtúnṣe. Bí kò bá buwọ́ lù ú, bó ṣe kọ ọ́ náà la ó ṣe tẹ̀ ẹ́.

Àfi bí ìwé ìṣirò tí tíṣà yẹn kọ ṣe balẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi! Ojú ìwé kọkànlélógójì, gbólóhùn yẹn gan-an.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Etí ta ni wọ́n máa fọ́?" Ó fi bírò pupa tún un kọ.

Ọjọ́ tí ìwé fẹ́ wọ ẹ̀rọ ni tíṣà dé láti wo àtúnṣe náà. Ó ti darúgbó, àmọ́ ohùn yẹn ṣì ni. Ó bú wa, ó ń gbá tábìlì gbàgà-gbàgà. Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. "Ẹ kọ èyí tó tóbi jù, sà. Èmi á fi ọ̀kan kún un." Tíṣà wo bébà títí. Ló bá na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀gbọ́n mi, lápá òsì.

Ojú mi ṣú. Mo fi rúlà irin tí mo fi ń gé bébà là á lọ́rùn ọwọ́, mo gbọ́ bí egungun ṣe kán. Mo tún là á, mo tún là á, títí wọ́n fi gbá mi mú. Ó ń ké nílẹ̀ bí ọmọdé: "Bírò ni! Bírò ni mo fẹ́ mú, kí n lè buwọ́ lù ú!"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Tíṣà tutọ́ sí i lójú. Ó ní òun ò ní buwọ́ lu nǹkan kan mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ṣé o ti rí i báyìí pé ìbínú ò da nǹkan fúnni?"

Mo ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìwé náà jáde bí tíṣà ṣe kọ ọ́.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ọmọbìnrin mi ti iléèwé dé, ó fọwọ́ di etí, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ìwé yẹn wà nínú báàgì ẹ̀. Ó ní òun kàn sọ fún tíṣà àwọn pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni.

Mo nawọ́ kí n nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ọmọ mi fò sẹ́yìn.