Òdòdó Tí Mo Yàn Lẹ́bàá Ọgbà

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tèmi ní St. Albans, lókè òkun níbí, fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Lójú ẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń ní "ẹ káàárọ̀, mà." Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mi ò ní pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi fún un ti tán.

Torí màmá mi ni. Mo mú wọn wá láti Ìbàdàn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Ojú fèrèsé kíṣìnì ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí èmi bá ti lọ síbi tí mo ti ń tọ́jú ìyá oníyàá. Wọ́n ní ìlú yìí ò ní nǹkan ẹlẹ́mìí kankan, àfi mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí hummingbird, ẹyẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó dúró sójú afẹ́fẹ́ láì bà lé nǹkankan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní èyí tó ń mu omi òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé wa máa ń bà ná kó tó mu ún. Mo pinnu pé ẹyẹ yẹn gbọ́dọ̀ padà wá.

Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé náà ò ju ẹní méjì lọ. Yanrìn ni, òrùlé ò jẹ́ kí òjò débẹ̀, òtútù sì ń pa gbogbo ohun tí mo bá gbìn. Ọkùnrin tó ń ta òdòdó ní kí n fi ti òkèèrè sílẹ̀, kí n ra ọmọ ilẹ̀ yìí tó ti mọ ìyà òtútù. Ó kó òdòdó pupa kan fún mi, tó máa ń dorí kodò bí agogo, tó máa ń tanná gẹ́lẹ́ tí ẹyẹ náà bá ti gúúsù dé. Ó fi òmíràn tó ń ta sánsán kún un fún ìgbà ooru. Ó ní tí wọ́n bá gbẹ nígbà òtútù, kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò kú. Lọ́dún kejì, ẹyẹ náà ń wá lójoojúmọ́. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Ẹ sì mọ̀ wá. Lójú tiwa, àyíká tó mọ́ ni èyí tí wọ́n gbá títí ilẹ̀ fi hàn. Igbó lẹ́bàá ilé, ejò ló ń pè. Obìnrin yìí ti da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ẹ̀yìn ilé tiẹ̀, ó ń gbá a láràárọ̀. Nínú oṣù kẹta, tí òtútù ò tíì lọ, tí àwọn òdòdó mi ṣì gbẹ, tí mo wà níbi iṣẹ́, ó gbé ọkọ́ wọ ẹ̀yìn ilé mi, ó hú gbogbo wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó dì í sínú ọ̀rá dúdú fún àwọn kólẹ̀-kódọ̀tí. Màmá mi ń lu gíláàsì láti inú ilé pé kó fi í sílẹ̀. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó ń juwọ́ sí wọn. Nígbà tí mo dé, ó ní, "Mo ti bá ẹ ro igbó ẹ̀yìn ilé ẹ. Kò yẹ kí ìyá wa máa wo pàǹtírí." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ìjọ pé òun lòun ń bá mi tún ilé ṣe. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Ẹyẹ náà dé nínú oṣù karùn-ún. Ó dúró lókè ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ó wò, ó lọ. Màmá mi ní, "Ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́ kí obìnrin yẹn kú o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro ó láràárọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ọlọ́dòdó. Oríṣi méjì tó ń fà mọ́ ọgbà ló fi hàn mí, ilẹ̀ mi ò sì gbà ju ọ̀kan lọ. Èkíní, ọmọlúàbí ni: á tan lọ́dún yẹn gan-an, á sì dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Èkejì, òdòdó ẹ̀ gùn bíi fèrè, ẹyẹ náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́dòdó ní kí n sá fún un. Gbòǹgbò ẹ̀ máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sílé onílé, ó máa ń la sìmẹ́ńtì, bí wọ́n bá gé ọ̀kan, mẹ́ta ló ń hù. Á sì tó ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó tan. Mo ní kó di èkejì fún mi.

Ẹ̀bá ọgbà tó pààlà èmi àti ẹ̀ ni mo gbìn ín sí. Lọ́dún kejì, ó yọ nínú sìmẹ́ńtì ẹ̀. Inú mi dùn dé ìdí. Mo máa ń gbé tíì mi lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, kí n máa wo obìnrin náà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fà á, tó ń di ìbàdí mú. Ó ra oògùn, ó da omi gbígbóná sí i, òfo ni. Ó bi mí pé kí ni nǹkan yìí. Mo ní, "Igbó ni, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Láràárọ̀ ni màmá mi máa ń bi mí pé, "Ṣé ó ti tan?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, mà." Ojú mi ò kúrò lára sìmẹ́ńtì tó ń là.

Nígbà òtútù ọdún kẹta, wọ́n kú. A gbé wọn lọ sin sí Ìbàdàn.

Ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e ló tan. Ó bo ọgbà láti òkè délẹ̀, ẹyẹ méjì sì ń lé ara wọn kiri níwájú fèrèsé kíṣìnì. Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ìyá ìbá rí èyí. Ṣé kò sí irú ẹ̀ tó máa ń tètè tan ni?"

Mo ní ó wà, mà.